Ohun tí ó Ń Mú Ìgbà Yípadà Lórí Ilẹ̀ Ayé

Olùkọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé nígbà tí ayé bá súnmọ́ oòrùn ni ooru ń mú, nígbà tí ó bá sì jìnnà sí i ni òtútù ń dé. Ọmọ kan dìde, ó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Tísà, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí Kérésìmesì fi jẹ́ ìgbà òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì jẹ́ ìgbà ooru ní Ọsirélíà? Àbí ayé méjì ni?"

Ìbéèrè ọmọ náà tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ náà ni kò tọ̀nà. Lóòótọ́, ayé a máa súnmọ́ oòrùn díẹ̀, a sì máa jìnnà sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ni ó súnmọ́ ọn jùlọ, ní bí mílíọ̀nù máìlì 91½, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń yáná. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni ó sì jìnnà jùlọ, ní bí mílíọ̀nù máìlì 94½, nígbà tí wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù òtútù sílẹ̀.

Bí ayé ti dúró ni ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé àtùpà sí àárín tábìlì, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ọsàn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi náà ni ó dúró fún ọ̀pá tí ayé ń yí lé lórí lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó lè fi ojú rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mú lóòró. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ayé tìkára rẹ̀ tẹ̀ ní bí dígírì 23½. Nígbà náà ni kí ẹ gbé ọsàn náà yí àtùpà ká, kí orí igi sì máa kọjú sí ògiri kan náà nígbà gbogbo. (Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà: ọwọ́ wọn a máa yí igi náà bí wọ́n ti ń rìn, ẹ̀kọ́ a sì bàjẹ́.) Àwọn ọmọ yóò rí i pé ní apá kan tábìlì, ìdajì òkè ọsàn ni ó tẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ní apá kejì, ìdajì ìsàlẹ̀ ni, níbi tí Ọsirélíà wà.

Ìdajì tí ó bá tẹ̀ sí oòrùn ni ọ̀sán rẹ̀ ń gùn, tí oòrùn sì ń ràn lé e lórí tààrà. Ní ìdajì kejì, ìtànṣán ń wá láti ẹ̀gbẹ́, a sì tàn ká ilẹ̀ tí ó gbòòrò, bí ìkòkò ọbẹ̀ kan tí a pín fún èrò púpọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ ń tó wákàtí 16½ ní oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kejìlá kì í pé 8.

Ní Èkó, ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ rì igi mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin tàbí ti oṣù Kẹsàn-án: ní ọ̀sán gangan òjìji rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. (Kí ẹ má wo aago 12; aago kan ni yóò kù díẹ̀ kí ó lù.) Láàrín oṣù méjèèjì yìí òjìji ọ̀sán ń ṣubú sí gúúsù; ní ìyókù ọdún, sí àríwá.

Títẹ̀ yìí kan náà ni ó ń darí òjò wa. Bí oòrùn ti ń lọ sí àríwá, agbègbè òjò a tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti òkun a sì wọlé, àgbẹ̀ a gbin àgbàdo rẹ̀. Bí oòrùn ti ń padà sí gúúsù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, tòun ti eruku. Òun ni à ń pè ní ọyẹ́.