Oníbàárà lè gba iyán inú ewé, kò ní í gba iyán oníkókó: Ẹ̀kọ́ látinú géèmù olówó pọ́ọ́kú

Òwò kékeré kì í ní owó ìfiṣòfò. Aránṣọ tó wà ní Ìṣẹ́-Èkìtì, ìyá olóúnjẹ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Emùré, gbogbo wọn ló ń gbọ́ àròyé lẹ́nu oníbàárà lójoojúmọ́. Ẹnì kan á ní ṣọ́ọ̀bù náà kò dùn ún wò, ẹlòmíràn á ní ọjà ti wọ́n jù, ẹlòmíràn á ní wọ́n fi òun dúró pẹ́. Bí owó tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà bá jẹ́ 50,000 náírà péré, kò lè fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Èwo ni kó kọ́kọ́ gbọ́? Bó bá fi owó náà kun ògiri, tó sì jẹ́ pé ìdúró pẹ́ ló ń lé oníbàárà lọ, ògiri á máa dán, ọjà kò ní í tà.

Iṣẹ́ kan wà tí ìbéèrè yìí ti dojú kọ àwọn tó ń ṣe é, tí ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ náà ni géèmù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ṣe ní àrà àtijọ́. Àwọn tó ń ra irú géèmù bẹ́ẹ̀ kì í dákẹ́. Wọ́n á gbá a, wọ́n á sì kọ èrò wọn sílẹ̀, ìyìn àti èébú. Oníṣòwò tó bá fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń yìn àti ohun tí wọ́n ń bú, á rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà.

Irú géèmù wo ni?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe ọmọdé ní Nàìjíríà láàárín 1990 sí 2005 mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ tẹlifíṣàn, wọ́n á ki káséètì géèmù bọ inú rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Mario á sì máa sáré, á máa fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn. Bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, á já sí kòtò, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nintendo ti Japan ló gbé Super Mario Bros. jáde ní 1985. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò lágbára púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwòrán inú géèmù fi dà bí ohun tí wọ́n fi bíríkì kéékèèké tò jọ. Bíríkì kéékèèké wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní pixel.

Lóde òní, ẹ̀rọ ti lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe géèmù wọn ní àrà àtijọ́ yìí. Owó wà lára ohun tó fà á. Àwọn géèmù ńláńlá máa ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ àti owó tabua, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó ti àwòrán oníbíríkì títí yóò fi parí. Daisuke Amaya, ọmọ ilẹ̀ Japan, dá Cave Story ṣe fúnra rẹ̀. Ó lo nǹkan bí ọdún márùn-ún lórí rẹ̀ kó tó gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2004, àwọn tó fẹ́ràn géèmù sì ń yìn ín títí di òní.

Ohun tí wọ́n ń fojú fò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú géèmù yìí lè rò pé àwòrán rẹ̀ ni àwọn tó rà á yóò máa bú jù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra géèmù náà ti rí àwòrán rẹ̀ kó tó sanwó, ó mọ ohun tí òun ń rà. Ní 2013, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ Yacht Club Games ní Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ ṣe Shovel Knight, géèmù tó jọ ti ọdún 1980 sí 1990. Wọ́n bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dá 75,000 dọ́là jọ fún àwọn. Ohun tí wọ́n rí gbà lé ní 311,000 dọ́là, nígbà tí géèmù náà kò tí ì sí lórí àtẹ. Ó jáde ní 2014, ó sì tà gan-an.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. 

Ìlú Ìṣẹ́ gan-an kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun èlò tí kò wọ́n kì í sọ iṣẹ́ di yẹpẹrẹ. Olówè, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tó sì ṣiṣẹ́ láàfin Arínjálẹ̀ ti Ìṣẹ́ títí tó fi kú ní nǹkan bí 1938, igi lásán ló fi ń ṣiṣẹ́. Igi kò wọ́n nínú igbó Èkìtì. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ibi àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ní àwọn fẹ́ rà á, Ògògà kò gbowó. Ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n wò, wọn kò wo iye tí wọ́n ń ta pákó.

Ohun tí wọn kì í gbà

Ohun tó ń bí àwọn tó ń gbá géèmù nínú jù ni kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹni inú géèmù fò, kó má fò, tàbí kó fò nígbà tó ti já sí kòtò tán. Bí ẹnì kan bá kú nínú géèmù nítorí àṣìṣe ara rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún gbìyànjú. Bó bá rò pé ẹ̀rọ ló rẹ́ òun jẹ, á pa á, á sì lọ kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé kà. Iyán oníkókó nìyẹn. Wọ́n lè gún iyán sínú ewé kí oníbàárà má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kókó bá ti kàn án lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti dé.

Maddy Thorson àti Noel Berry mọ èyí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe Celeste kékeré àkọ́kọ́ ní 2015. Géèmù ńlá tí wọ́n sọ ọ́ dà jáde ní January 2018, àwọn tó ra á sì ti lé ní 500,000 kí ọdún náà tó parí. Géèmù náà le gan-an, ẹni tó ń gbá a lè kú lọ́nà ẹgbẹ̀rún kó tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fi àánú pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin inú géèmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí pèpéle, ààyè kékeré ṣì wà, tó kéré sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ṣì lè fò. Ẹni tó ń gbá a kò mọ̀ pé wọ́n ran òun lọ́wọ́, ohun tó mọ̀ ni pé géèmù náà ń gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Bó bá sì kú, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ nítòsí ibi tó kú sí, kò ní í padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá.

Ìyẹn ló gbé ẹ̀sùn kejì wá, ìfàkókò-ṣòfò. Oníbàárà lè fara da ìṣòro, kì í fara da kí wọ́n ní kó tún ohun tó ti ṣe tán ṣe nígbà mẹ́wàá. Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ̀rọ má rántí ibi tó dé. Ọ̀dọ̀ aránṣọ tó ń wọn oníbàárà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí pé kò kọ ìwọ̀n sínú ìwé, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ owó ọjà

Ní January 2010, Terry Cavanagh, ọmọ ilẹ̀ Ireland, gbé géèmù kan tó pè ní VVVVVV jáde. Àwòrán rẹ̀ rí bíi ti kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, ènìyàn sì lè parí rẹ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. 15 dọ́là ló fi tà á. Àwọn tó gbá a yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ní owó náà pọ̀ jù fún ohun tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti já owó rẹ̀ wálẹ̀ sí 5 dọ́là. Kò fọwọ́ kan géèmù náà nítorí àròyé yìí, nítorí pé iṣẹ́ kò ní àbùkù. Owó ni wọ́n ń bá jà, owó ló sì tún ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ní “ó wọ́n” ni owó máa ń wọ́n lóòótọ́ o. Nígbà mìíràn ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ohun tí owó òun rà. Ọlọ́jà tó bá yára já owó wálẹ̀ lè rí i pé àròyé kò tán, èrè nìkan ló tán. Ògògà kò já owó ìlẹ̀kùn rẹ̀ wálẹ̀, ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́jà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọjà ló ní àbùkù, àbí iye tí wọ́n dá lé e, àbí bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn àròyé

Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọgbọ́n kan tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò yá lò. Bí ẹnì kan bá kọ èrò rẹ̀ nípa géèmù síbẹ̀, wọ́n á kọ iye wákàtí tó ti fi gbá a sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bú géèmù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ẹni tó bú u lẹ́yìn ogójì wákàtí, ọ̀rọ̀ wọn kò lè wúwo bákan náà. Láti 2015 ni ẹni tó ra géèmù níbẹ̀ sì ti lè gba owó rẹ̀ padà, bí kò bá tí ì lo ọjọ́ 14, tí kò sì gbá a tó wákàtí méjì. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ géèmù ni ọ̀gá, bí ojú tí wọ́n fi gba oníbàárà tuntun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé kékeré kan ti tó oníṣòwò láti lo ọgbọ́n yìí, kó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin:

1. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó ti ra ọjà rí, àbí ó kàn ń kọjá lọ? Ẹni tó ń padà wá rà, tó sì ń ráhùn, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fetí sí.

2. Kí ló dùn ún? Oníbàárà mọ ibi tó ń dun òun, kì í fìgbà gbogbo mọ oògùn rẹ̀. Ẹni tó ní kí ìyá olóúnjẹ ra àga tuntun lè jẹ́ ẹni tí ìdúró pẹ́ ti sú. Bí oúnjẹ bá yá, kò ní í rántí àga mọ́.

3. Ẹni mélòó ló sọ ọ́? Ẹnì kan lè máa sọ tẹnu rẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá tí kò mọ ara wọn bá sọ ohun kan náà láàárín oṣù kan, òótọ́ wà níbẹ̀.

4. Èló ni àtúnṣe rẹ̀? Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kíkọ ìwọ̀n aṣọ sínú ìwé kò ju owó ìwé lọ.

Fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe géèmù

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú òwò yìí. Ní 2012 ni Abíọ́lá Ọláníran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Géèmù kéékèèké orí fóònù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́ tó wà ní Ìṣẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀. Godot, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni. Láti gbé géèmù sí ọjà Google Play, 25 dọ́là ni wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Steam jẹ́ 100 dọ́là fún géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì yọ nǹkan bí 30 nínú gbogbo 100 dọ́là tó bá wọlé. Owó tí kò ní í tètè padà ni, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n san án kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu àwọn tó máa gbá géèmù náà. Kí ọ̀dọ́ náà gbé fóònù fún ẹni mẹ́wàá, kó má sọ̀rọ̀, kó má ràn wọ́n lọ́wọ́, kó kàn máa wo ọwọ́ wọn. Fóònù kò ní bọ́tìnnì gidi, àtàǹpàkò sì máa ń bo ojú rẹ̀, torí náà ibẹ̀ ni kókó iyán máa ń pọ̀ sí. Ibi tí mẹ́fà nínú wọn bá ti fi fóònù sílẹ̀ ni kó lọ tún ṣe, kó tó yá owó láti fi ṣe àwòrán tó ń dán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aránṣọ, ìyá olóúnjẹ àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Owó kékeré tó wà lọ́wọ́ kò tó ra ewé àti odó tuntun pọ̀. Odó ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà.