Àkùkọ Kọ, Ilẹ̀ Mọ́: Ìlò Agbára àti Ìdàgbàsókè Ọrọ̀ Ajé

Ẹ jẹ́ ká yà sí ìsọ̀ télọ̀. Iná dé láàárọ̀. Maṣíìnì ń sáré, áyọ́ọ̀nù gbóná. Kó tó di ọ̀sán, aṣọ mẹ́rin ti parí. Lọ́jọ́ kejì, iná ò dé. Télọ̀ wa ń fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì, ó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú; aṣọ kan ṣoṣo ló rí rán. Ohun tó ń mú iṣẹ́ ṣeé ṣe, ì báà jẹ́ iná mànàmáná, epo, èédú tàbí ẹsẹ̀ télọ̀, ni à ń pè ní agbára. Ṣé ó yé yín? Ó dáa.

Ẹ wá kó gbogbo ìsọ̀, oko àti ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè jọ. Iye owó ohun tí gbogbo wọn pèsè lọ́dún ni wọ́n ń pè ní GDP; ẹ jẹ́ ká pè é ní àpapọ̀ ìpèsè ọdún. Bó bá ń pọ̀ sí i, ọrọ̀ ajé ń dàgbà nìyẹn. Nàìjíríà, tí èèyàn rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, kì í sábà rí ju nǹkan bíi 5,000 mẹ́gáwáàtì lórí wáyà ìjọba. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ télọ̀ ló ń fẹ́ná sí èédú?

Ibi tó ta kókó nìyí: ṣé agbára ló ń fa owó, àbí owó ló ń fa agbára? Télọ̀ tó rówó náà ló ń ra fìríìjì tó ń jẹ iná. Lọ́dún 1978, àwọn onímọ̀ méjì, John Kraft àti Arthur Kraft, yẹ ìṣirò Amẹ́ríkà láti 1947 dé 1974 wò. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ló ń fa ìlò agbára. Àwọn onímọ̀ míì rí òdìkejì ní ilẹ̀ míì. Àwọn kan ní méjèèjì jọ ń fa ara wọn ni. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ padà kà á.

Kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni méjèèjì jọ ń pọ̀ sí i: ní Jámánì, láti 1990, ọrọ̀ ajé ti dàgbà, agbára tí wọ́n ń lò sì ti dínkù. Báwo? Gílóòbù LED wáàtì 9 ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ oní-wáàtì 60. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà tí iná kò tíì tó ńkọ́? A kì í kọ́ ẹni tí kò tíì jẹun yó ní ìjẹun-níwọ̀n.

Ó ku ìbéèrè kan: bí iná bá dé ìsọ̀ télọ̀ lọ́la, tí kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá ńkọ́? Ẹ rò ó dáadáa. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá tún pàdé.