Ẹ Má Pàgọ́ Sí Etí Kòtò Kùsà

ÌBÉÈRÈ: Du, ní Jos South, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn fún ìsinmi Kérésì, mo sì fẹ́ kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ tèmi lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Omi ńlá kan wà nítòsí wa tó mọ́ lóló. Etí ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká sùn sí, ká sì máa ti ibẹ̀ lọ wo àpáta Riyom, omi tó ń já bọ́ ní Assop àti ọgbà ẹranko. Mo ti ra àgọ́ méjì. Kí ni kí n tún mú dání? — Bàbá Ìbejì, Du.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, kí á tó sọ ti ẹrù, ẹ jẹ́ ká yanjú ibi tí ẹ fẹ́ sùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí omi tí ẹ ń wí bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó pọ̀ káàkiri Du, Bukuru àti Rayfield, kì í ṣe odò, kì í sì í ṣe adágún tí Ọlọ́run dá. Kòtò kùsà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ń wa kùsà lórí òkè Jos. Nígbà tí wọ́n wà á tán, púpọ̀ nínú wọn kò dí kòtò wọn. Òjò ló kún un.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, odò tòótọ́ máa ń jìn díẹ̀díẹ̀ ni. Ọmọdé á rìn ín dé orúnkún, á dé ìbàdí, ẹ̀rù á bà á, á padà. Kòtò kùsà kò fún ọmọ ní àyè ìbẹ̀rù yẹn: ẹsẹ̀ kan á wà lórí ilẹ̀, èkejì á ti wà nínú ibú. Bí ẹ bá dé etí ọ̀kan nínú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Ẹ lè rí i pé ilẹ̀ náà ti là tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn etí omi, koríko gbígbẹ sì bo ojú ibi tó là. Abẹ́ ibẹ̀ ti ń ṣófo. Àgbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ fa omi náà sí tòmátò àti kábéèjì rẹ̀ mọ ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ọmọ tó ti Ìbàdàn dé lánàá kò mọ̀ ọ́n, òru tó bá sì jáde láti tọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà kò dára fún sísùn pẹ̀lú. Iyanrìn tí wọ́n ti yọ kùsà kúrò nínú rẹ̀ ni. Monazite wà nínú ohun tó ṣẹ́kù, thorium sì wà nínú monazite, ìyẹn ni pé ó ń tú ìtànṣán olóró síta. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wọn ìtànṣán yìí ní agbègbè Bukuru, wọ́n sì rí i pé ó ga ju ti ilẹ̀ lásán lọ. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ kò ní ohun tó ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n èmi kò ní tẹ́ ẹní sí i fún ọmọ.

Níbo ni kí ẹ wá sùn? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pín ìrìn náà sí méjì.

Ẹ lo òru méjì àkọ́kọ́ ní òkè Shere, ní ìlà-oòrùn Jos. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù tó nǹkan bí mítà 1,829. Ibẹ̀ ni Citizenship and Leadership Training Centre ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gígun òkè àti gbígbé inú igbó. Àjọ yìí ti wà láti 1951, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Man O' War Bay ní apá Cameroon. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fún yín láyè sùn sí sàkání wọn àti olùkọ́ tí yóò mú àwọn ọmọ gun àpáta. Bí wọn kò bá lè gbà yín, ẹ lọ bá olórí abúlé tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó na àgọ́. Ẹ ń gbé ní Du, ẹ mọ bí àwọn Berom ṣe ka ilẹ̀ wọn sí. Ẹni tí baálẹ̀ bá mọ̀ ní àlejò, abúlé ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Òtútù ni kí ẹ fi gbogbo agbára múra dè. Jos ga tó mítà 1,200, tí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, òru lè tutù dé 10°C tàbí kí ó tún rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ni òtútù ti ń mú ẹni tó sùn nínú àgọ́, ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ tẹ́ tapólì, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí fóòmù lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tẹ́ ẹní. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ibọ̀sẹ̀, fìlà àti súẹ́tà tí kò fi rìn lọ́sàn-án, torí aṣọ tí òógùn ti rin kì í móoru. Ẹ sì bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè ní gbangba: ṣé ọmọ kankan wà nínú wọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ SS, tàbí ikọ́ fée? Òtútù máa ń dá ìrora sí ọmọ SS lára, eruku ọyẹ́ sì máa ń dí èémí ẹni tó ní ikọ́ fée. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bá yín rìn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n inú ilé ni kí ó sùn.

Ẹ fi gáàsì kékeré dáná. Ẹ má dá iná igi sínú koríko ọyẹ́ rárá. Omi mímu, láti ilé ni kí ẹ ti gbé e. Omi odò Delimi tó gba inú ìlú Jos kọjá, tí ó ń ṣàn lọ sí ọ̀nà adágún Chad, ti gba ìdọ̀tí púpọ̀ kọjá ohun tí ènìyàn lè mu.

Òru méjì tó kù, Yankari ni, ọgbà ẹranko tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Odò tí ẹ ń wá wà níbẹ̀. Ọdún 1956 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, 1962 ni wọ́n ṣí i fún aráyé, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 2,244 níbùú-lóòró. Wikki, ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà nínú rẹ̀, ń wà ní 31°C tọ́sàn-tòru, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, omi rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ ó máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Àwọn ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kí àgbàlagbà kan ṣáà wà nínú omi pẹ̀lú wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ni ìrìn náà dùn jù, nítorí omi ti ń gbẹ níbòmíràn, àwọn erin sì ń sún mọ́ odò Gaji. Ẹ gba yàrá nínú àgọ́ Wikki, ẹ fi tẹ́ǹtì yín sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn pa dáadáa, torí àwọn ìnàkí ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jí búrẹ́dì gbé.

Riyom àti Assop, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì padà. Àpáta Assop ń yọ̀, mi ò fẹ́ kí ọmọ gun orí rẹ̀. Ilé Àkójọ Ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, tí wọ́n ṣí ní 1952, tó fún ọjọ́ tí ara àwọn ọmọ bá rẹ̀.

Ti ọ̀nà ló kù. Ẹ má fi òru rìn láti Jos sí Bauchi, ẹ sì bi àwọn awakọ̀ inú gáréèjì àti ọlọ́pàá ní àárọ̀ ọjọ́ náà bí ọ̀nà ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kò dára, ẹ padà sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ sún Yankari di ìsinmi Àjíǹde. Ó ṣì dára láti rí ẹranko nígbà yẹn, òtútù Jos á sì ti lọ.