Báwo ni ìfun tó wú ṣe ń dínà ẹ̀jẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ikùn bàbá mi wú, ó le bí ìlù. Fún ọjọ́ méjì, wọn ò yàgbẹ́, afẹ́fẹ́ ò sì jáde. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé apá kan ìfun wọn mọ́. Ṣé wíwú lè fa ìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ó lè fà á dáadáa. Tí ìfun bá dí, omi àti afẹ́fẹ́ á kóra jọ sínú rẹ̀, á wá fẹ̀ bíi bàlúùn. Inú ògiri ìfun yẹn gan-an ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ gbà kọjá. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn rọ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kì í sì í fi agbára ṣàn, nítorí náà òun ni ògiri ìfun tó ń fẹ̀ náà kọ́kọ́ máa ń fún pa. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Ògiri ìfun á tún wú sí i, títí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá náà á fi dí. Awọ inú ìfun ló ń kọ́kọ́ kú. Tó bá pẹ́, ìfun á lu.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, ló léwu jù, torí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Tó bá ti fẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 12, dókítà kì í fi falẹ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń bì, tí afẹ́fẹ́ ò jáde nídìí rẹ̀, ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.