Àpótí ìmọ̀: Arfvedsonite, òkúta dúdú inú òkè Ririwai

Ẹni tó bá kúrò ní àdúgbò Brigade nílùú Kánò, tó forí lé gúúsù ìpínlẹ̀ Kánò títí dé ìjọba ìbílẹ̀ Doguwa, yóò kan òkè Ririwai. Tánńganran àti síǹkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Lójú tèmi, arfvedsonite tó wà nínú akọ òkúta àfonífojì Kaffo níbẹ̀ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò.

Sílíkéètì ni. Ọ́síjìn mẹ́rin ló yí átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká. Wọ́n ń pín ọ́síjìn lò títí wọ́n fi di ẹ̀wọ̀n gígùn, ẹ̀wọ̀n méjì á sì so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àkàbà. Irin àti sódíọ̀mù ló de àkàbà kan mọ́ òmíràn. Ìdè yìí kò yi tó èyí tó wà nínú ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, nítorí náà ni òkúta náà ṣe máa ń là sí ọ̀nà méjì, tí igun wọn tó nǹkan bí 56° àti 124°. Ẹ fi awò wo ojú ibi tó ti là: ó dúdú, ó ń dán, búlúù díẹ̀ sì hàn lára rẹ̀. Líle rẹ̀ kò ju 5 sí 6 lọ lórí òṣùwọ̀n Mohs. Kúọ́ọ̀tì, tó jẹ́ 7, á ha á lára.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń hù. Àfi kí sódíọ̀mù inú àpáta yíyọ́ pọ̀ ju èyí tí alumíníọ̀mù ibẹ̀ lè bá dìpọ̀, bó ṣe rí ní Ririwai ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 160 ọdún sẹ́yìn. Orúkọ Johan August Arfwedson, ará Sweden tó ṣàwárí lítíọ̀mù ní 1817, ni wọ́n fi sọ ọ́.