Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹnu Tiwa Nínú Òfin Ilé Ìwòsàn



Bá a bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣe òfin tuntun lórí ìwé àṣẹ ilé ìwòsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń wí ni pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìyẹn, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá o. Ta ni ò mọ̀ nínú wa pé owó tá a yá láti fi kún ọjà lè di owó ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́? Bí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe bá wá jẹ́ irọ́, owó ti lọ, àìsàn ṣì wà nílẹ̀, gbèsè sì ń dúró dè wá.

Ta ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ?

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ HEFAMAA ni. Òfin àtúnṣe ètò ìlera ti ọdún 2006 ló gbé e kalẹ̀. Òun ló ń forúkọ ilé ìwòsàn, ilé ìgbẹ̀bí, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ilé ìtọ́jú eyín àti ti ojú sílẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìwé náà di ọ̀tun, àjọ náà sì lè ti ilé tí kò ní in pa. Ní ti àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn oníṣègùn wa, ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó wọn.

Nígbà wo la lè sọ̀rọ̀?

Aṣòfin 40 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Alausa. Méjì ti Ìkòròdú lọ, méjì ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Wọ́n á ka àbádòfin lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pe ìpàdé ìta gbangba láti gbọ́ tẹnu aráàlú. Àsìkò tiwa nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ọwọ́ gómìnà, ẹni tó ní ọgbọ̀n (30) ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí láti kọ̀ ọ́.

Kí la ó sọ?

Ẹ jẹ́ ká fi aboyún kan ní ìletò etí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ ṣàpẹẹrẹ. Bí òfin bá dẹ̀ jù, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á gbẹ̀bí rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, kò ní mọ ohun tó máa ṣe. Bí òfin bá sì le jù, tó ní dandan ni kí ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní yàrá púpọ̀ àti ẹ̀rọ olówó ńlá, wọ́n á ti èyí tó wà nítòsí pa, inú ọkọ̀ ojú omi ni ìrọbí á bá a lóru.

Èrò tiwa ni pé kí òfin le níbi tí ikú wà: ẹni tó ń tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́, omi àti ohun èlò gbọ́dọ̀ mọ́, ọ̀nà láti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí owó lè tún ṣe, bí ìwọ̀n yàrá, kí wọ́n fún ilé kékeré lákòókò.

Báwo la ó ṣe kọ ọ́?

1. Ojú ìwé kan tó. Ẹ dárúkọ àbádòfin náà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà abala tí ọ̀rọ̀ yín dá lé.
2. Ẹ sọ ohun tójú yín rí. Ẹni tó ní "ọjà ti wọ́n" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó dárúkọ iye la ń gbọ́. Ẹ kọ iye owó ọkọ̀ àti wákàtí tí ẹ lò lójú ọ̀nà.
3. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.
4. Kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, kí ẹ fún aṣòfin yín ní ẹ̀dà kan.

Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Ilé ìtọ́jú wo ló sún mọ́ wa jù? Ṣé a ti rí ìwé àṣẹ ọdún yìí lára ògiri rẹ̀? Bí wọ́n bá tì í pa lọ́la, ibo la ó gbà?