Orúkọ fún Ìgò tí ń Gba Ìmọ́lẹ̀ Niutirínò

Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi ní nǹkan bí 1830. Irú ìsádi bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń wá tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ wọ inú ilẹ̀. Àpáta a máa dí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtànṣán ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n niutirínò a máa là á kọjá. Ibi ìwakùsà wúrà kan nítòsí Johannesburg wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ipa irú èyí tí ó ti inú afẹ́fẹ́ wá, ní 1965.

Niutirínò fúnra rẹ̀ kò ṣeé rí. Nínú àgbá Super-Kamiokande ní Jàpáànì, tí ó gba 50,000 tọ́ọ̀nù omi, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá tì jáde a máa sáré ju bí ìmọ́lẹ̀ ti ń sáré nínú omi lọ, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ a sì yọ. Nǹkan bí 11,000 ìgò ni ó ń ṣọ́ ọ.

Olùtumọ̀ lè fẹ́ pe ìgò yìí ní ‘awò’. Kò tọ̀nà. Ojú ènìyàn ni ó ń lo awò. Ìgò yìí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, ó sì ń sọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan di nǹkan bí 10,000,000. ‘Asọmọ́lẹ̀diná’ sàn jù, bí olùkọ́ bá lè ṣàlàyé pé kì í ṣe iná ìdáná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ‘awò’ yóò rò pé fífẹ dígí nìkan ni àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ ìgò tuntun ti Hyper-Kamiokande kò tóbi ju ti àtijọ́ lọ, 50 sẹ̀ńtímítà ni ìbú méjèèjì. Síbẹ̀ ó ń ka ìmọ́lẹ̀ ní bí ìlọ́po méjì, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tètè tú nínú rẹ̀, díẹ̀ ni ó sì ń sọnù lọ́nà.